Láti Èkó sí Àbújá: Ta Ni Arìnrìn-Àjò?

Ọ̀rọ̀ kan ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa, a sì rí i pé ó yẹ kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti Èkó dé Àbújá, ọ̀nà ilẹ̀ lé ní 700 kìlómítà. Ẹni tó wọ mọ́tò ní àárọ̀ lè má dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bàálù kì í yà sí kọ́nà: nǹkan bí 510 kìlómítà ni ó ń fò, wákàtí kan ó lé díẹ̀ ni ó sì fi ń dé ibẹ̀. Bí ẹni tó wọ bàálù yìí, tí kò ní í pẹ́ lọ́hùn-ún, bá kí ìrun Àílà ní òpó méjì dípò mẹ́rin, tàbí tí kò gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà, àwọn kan a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé: "Ìyà wo ló jẹ ọ́ lórí àga tìmùtìmù? Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró fún wákàtí mẹ́ta nínú Èkó, ṣebí òpó mẹ́rin ló kí!"

Ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́. Àmọ́ kí ni Ọlọ́hun fi ṣe òṣùwọ̀n, ìyà ni àbí ìrìn-àjò? Nínú Súrà 2, ẹsẹ 184, aláìsàn àti ẹni tó wà lórí ìrìn-àjò ni Al-Kùránì dárúkọ, pé kí wọ́n san ààwẹ̀ náà ní ọjọ́ mìíràn. Kò ní kí arìnrìn-àjò kọ́kọ́ fi òógùn ojú rẹ̀ hàn. Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, fi jíjìnnà ọ̀nà wọ̀n ọ́n. Àwọn onímọ̀ òde òní ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí 80 kìlómítà ó lé.

Súrà 4, ẹsẹ 101, dárúkọ ìbẹ̀rù ọ̀tá mọ́ dídín ìrun kù. Nígbà tí ìbẹ̀rù kásẹ̀ nílẹ̀, Umar bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè ìdí tí a fi ń dín in kù síbẹ̀. Èsì tó gbà ni pé sàárà Ọlọ́hun ni, kí á gbà á. Ìrọ̀rùn yìí kì í ṣe owó iṣẹ́ tí a fi ń san ìyà. Ẹ̀bùn ni. A kì í sì í bi ẹni tí a ta lọ́rẹ pé egbò rẹ̀ dà.

Ẹni tí agbára rẹ̀ gbé ààwẹ̀ dé Àbújá kò ṣẹ̀. Àwọn Sàhábà bá Ànábì rìn nínú Ramadan. Ẹni tó gba ààwẹ̀ kò bú ẹni tí kò gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò gbà á kò bú ẹni tó gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ní ìbéèrè lẹ́yìn. Gbogbo wákàtí tí bàálù bá wa dín kù, kí ni a fi wọ́n ṣe? Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ńkọ́? Òpó mẹ́rin rẹ̀ kì í ṣe ìyà, làálàá rẹ̀ kò sì sọnù lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Àwa tí Ọlọ́hun dẹ ọ̀nà fún ni ó yẹ kí á bá a gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀, kí á má sì ná ọjà rẹ̀ títí èrè rẹ̀ yóò fi tán.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á jẹ́ ẹni tó moore. Àmín.