Àkísà Èdè

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Yorùbá àjùmọ̀lò láṣọ lóòótọ́: Bíbélì, ìwé ìròyìn, rédíò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èdè wa ṣe ń dún láyé àtijọ́, inú ẹ̀ka-èdè ni kó lọ tú.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà, owó, ṣe àpẹẹrẹ. Lápá Oǹdó àti Ọ̀wọ̀, eghó ni wọ́n ń pè é. Onímọ̀ èdè Abíọ́dún Adétùgbọ́, nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lọ́dún 1967, fi hàn pé gh ni ogbólógbòó, apá Ọ̀yọ́, tí Yorùbá àjùmọ̀lò tẹ̀ lé jù lọ, ló sọ ọ́ di w. Báwo la ṣe mọ̀? W kan ṣoṣo ti Ọ̀yọ́ ló dojú kọ ju ìró kan lọ níhà ìlà oòrùn. Ìró méjì a máa pa pọ̀ di ọ̀kan. Ọ̀kan kì í sì í ṣàdédé pín sí méjì láìnídìí. Èdè tí a ń pè ní ògidì gan-an ló yí padà!

Síbẹ̀, ọmọ tó bá sọ eghó ní kíláàsì, tàbí ọmọ Èkìtì tó bá pe ilé ní ulé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi rẹ́rìn-ín.