Ẹ̀rín Ní Ọjọ́ Òfò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Nígbà tí òfò bá ṣẹ̀ ní ìlú, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn rẹ́rìn-ín? Ẹni tí ó sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ ìwé tí ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣé iṣẹ́ gidi ni ó ṣe, tàbí ó kàn ń bá ọmọdé ṣeré? Kì í ṣe inú ilé ìkàwé ni ìbéèrè yìí ti bá mi. Ṣáṣá ni ó ti bá mi, létí Ìbàdàn, nínú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Ẹ óò rántí pé ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá láàárín Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ìsọ̀ jóná, ìjọba sì ti ọjà náà pa. Ata àti tòmátì ni bàbá mi àgbà ń tà, ìsọ̀ wọn sì jóná ráúráú. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, kò sí ẹni tí oorun kùn nínú ilé. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, àyà àwọn ọmọ a já. Bàbá ní kí n mú ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ wá, kí n kà á sókè. Mo kà dé ibi tí àwọn ọdẹ ti pàdé Ẹ̀gbin, ọ̀bùn tí ẹnikẹ́ni kò lè sún mọ́ láìdi imú. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àwọn ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ni ìyá àgbà bá yọ láti inú yàrá, wọ́n ní: “Ìwọ akọ̀wé yìí, wọ́n ń sunkún òkú ní ilé kejì, ìwọ ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín! Ojú kò tì ọ́?” Mo pa ìwé dé. Ojú sì tì mí lóòótọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ Fágúnwà. Òkè-Igbó ni a bí i sí ní 1903. Olùkọ́ ni ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ó kọ ìwé náà fún ìdíje kan ní 1936. Ní 1938 ni a sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó kọ mẹ́rin mìíràn tẹ̀ lé e, èyí tí ó kẹ́yìn, Àdììtú Olódùmarè, jáde ní 1961. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ẹni tí ń ṣe ẹ̀fẹ̀ kò mọ ikú, kí ó tún ìwé náà kà. Nígbà tí ọba rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà délé. Fágúnwà fúnra rẹ̀ kò padà délé láti ìrìn àjò: odò ni ó gbé e lọ nítòsí Bida ní December 1963.

Kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti wà. Ní Hungary, a bí Jenő Rejtő, ọmọ Júù, ní 1905. P. Howard ni orúkọ tí ó fi kọ púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀, ìtàn àwọn atukọ̀ àti àwọn ọmọ-ogun tí ń rìn kiri aginjù Áfíríkà. Nínú ọ̀kan tí ó jáde ní 1940, ọ̀dọ́mọkùnrin atukọ̀ kan ta káàdì pẹ̀lú ọ̀mọ̀wé kan, ó sì jẹ ẹ̀bùn Nobel mọ́ ọn lọ́wọ́! Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí ń ni àwọn Júù lára ti wà ní ilẹ̀ rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n mú un lọ sí iṣẹ́ àfipáṣe ní ojú ogun Rọ́ṣíà, bí ó tilẹ̀ ń ṣàìsàn, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ kìíní January 1943. Títí di òní, àwọn ará Hungary ṣì ń ka ìwé rẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé gbogbo ẹ̀rín ni ó dára. Kí ìjà náà tó dé, aláàárù kan wà, Haúsá ni, tí ń bá bàbá mi àgbà ru ẹrù. Bí ó bá ti la ẹnu sọ Yorùbá, bàbá a sín in jẹ, gbogbo ìsọ̀ a sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà a máa rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ a máa sọ ọmọnìkejì ẹni di ohun yẹpẹrẹ, ohun yẹpẹrẹ kò sì ṣòro láti tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí inú bá ń ru. Ti Fágúnwà kò rí bẹ́ẹ̀. Akin ni Àkàrà-ogun, síbẹ̀ kò tijú láti sọ fún wa pé ẹ̀rù ba òun, pé egbé gbé òun sá wálé. Ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Nítorí náà, èyí ni ìdájọ́ mi. N kò jẹ̀bi pé mo ka ìwé fún àwọn ọmọ tí ẹ̀rù ń bà. Oúnjẹ ni mo fún wọn. Ẹ̀bi mi ni pé n kò kọ́kọ́ yà sí ilé kejì láti bá àwọn tí ó ṣọ̀fọ̀ jókòó. Ẹni tí ó ti bá ni sunkún ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pa ni lẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti ìyá àgbà ni a jọ lọ.

Nígbà tí ìjọba ṣí ọjà padà, aláàárù náà dé. Bàbá mi àgbà kò sín in jẹ mọ́. Wọ́n ní, “Ọ̀rẹ́ mi, ní ọjọ́ tí a ń wí yìí, mo sáré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ bàtà mi kan fi bọ́ sọ́nà, èkejì ni mo wọ̀ délé.” Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ wọn, ó ní bàtà òun méjèèjì ni ó bọ́. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wo ibi tí ìsọ̀ wà tẹ́lẹ̀.