Ẹnu Tí Kò Dúró Jẹ́ẹ́: Ṣé Ó Tọ́ Kí A Fi Òtítọ́ Pamọ́ fún Aláìsàn?

 

Nílé, bí ìpénpéjú ènìyàn bá ń fò, kò sẹ́ni tó ń bèèrè òògùn tó ń lò. Àwọn àgbà á ní bí ti ìsàlẹ̀ bá ń fò, ẹkún ló ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ti òkè, a ó rí ẹni tí ojú wa ti ń wá. Láti kékeré la ti gbà pé bí ara bá ń fò fúnra rẹ̀, nǹkan kan ló ń sọ. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu nígbà tí arábìnrin kan fà mí sápá kan lẹ́yìn ìsìn, tó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ wo ẹnu Màmá yẹn. Ṣé kì í ṣe pé nǹkan kan ń bá wọn jà?”

Màmá fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí, bí mi ò bá ti dárúkọ wọn. Ẹnu wọn kì í dúró. Ó ń jẹ ohun tí kò sí níbẹ̀, ahọ́n ń yọ, ó ń wọlé, èjìká òsì á sì ṣàdédé fò bí ẹni pé wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Àwọn kan ti kó ọmọ wọn kúrò ní ìjókòó tó wà lẹ́yìn wọn. Ẹnìkan ní kí a gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti lé ẹ̀mí náà jáde. Èmi ò lòdì sí ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń wò, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1952 ni àwọn dókítà ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í fi chlorpromazine tọ́jú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń yọ lẹ́nu. Òògùn náà ṣe bẹbẹ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọn ì bá tì mọ́lé títí ayé ló padà sílé. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi haloperidol ń dí ohun kan tí wọ́n ń pè ní dopamine lọ́wọ́ nínú ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ dopamine yìí kan náà wà lára ohun tó ń darí bí ara wa ṣe ń rìn tó sì ń yí. Fún ẹlòmíràn, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọrùn á wọ́, tàbí kí ojú yí sókè kó má sọ̀ mọ́. Èyí ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ procyclidine kan á sábà tú u sílẹ̀ láìpẹ́. Èyí tó burú ni èyí tó ń pẹ́ dé, lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún púpọ̀. Tardive dyskinesia ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹnu àti ahọ́n ló sábà máa ń mú, ó sì máa ń mú àwọn àgbàlagbà jù, pàápàá obìnrin. Procyclidine kì í wò ó, ó tilẹ̀ lè dá kún un. Nígbà mìíràn kì í lọ, kódà bí a bá dáwọ́ òògùn tó fà á dúró.

Ẹ má rò pé ti òyìnbó nìkan ni o. Asọfẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa ti fi ń tọ́jú wèrè tipẹ́tipẹ́ ní ẹ̀yà òògùn tí wọ́n ń pè ní reserpine nínú, èyí náà sì lè mú kí ara gbọ̀n kó sì le.

Wàyí o, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́, èmi tí mò ń ka ẹ̀kọ́ níwájú yín. Ní wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí mo gba díplómà, ìyá Yorùbá kan bi mí bí mo ṣe ń pín òògùn pé, “Ọmọ mi, kí ni nǹkan yìí lè ṣe fún mi yàtọ̀ sí oorun?” Mo ní, “Kò sí nǹkan kan, Mà. Ẹ mu ún.” Mo mọ̀ pé nǹkan wà. Kò sẹ́ni tó rán mi ní irọ́ náà. Ẹ̀rù ló bà mí pé bí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní mu ún, àìsàn á sì tún gbé wọn jáde sí títì lóru. Mo pè é ní ìfẹ́.

Kì í ṣe èmi nìkan ló rò bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1974, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan, Amy Sidaway, nítorí ìrora ọrùn àti apá. Ewu pé kí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn fara gbá kò tó 1 nínú 100, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ló já sí. Ó ní wọn ò sọ fún òun. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn Bethlem Royal àti Maudsley ló pè lẹ́jọ́, Maudsley tí a ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá ní Denmark Hill níbí. Wọn ò sọ pé dókítà náà fi ọ̀bẹ ṣeré. Òtítọ́ ni ẹjọ́ náà dá lé. Ní 1985, àwọn adájọ́ House of Lords dá a lẹ́bi. Lójú wọn, ohun tí àwọn dókítà bá gbà pé ó yẹ kí aláìsàn gbọ́ ló máa pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ìdájọ́ yẹn fi jókòó. Ní 2015 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ yí i padà, nínú ọ̀ràn Nadine Montgomery, ìyá alátọ̀gbẹ kan ní Scotland tí wọn ò sọ fún ní 1999 pé èjìká ọmọ rẹ̀ lè há nígbà ìbímọ. Wọ́n ní ohun tí ẹni tó wà nípò aláìsàn yóò fẹ́ mọ̀ ni kí a sọ.

Àwọn kan lára yín á ní àṣà òyìnbó nìyẹn, pé àwa kì í já ọ̀rọ̀ burúkú luni. Òótọ́ ni. Bí a bá fẹ́ túfọ̀, a ó ní kí ènìyàn jókòó, a ó fún un lómi, a ó pe àgbà tì í. Ṣùgbọ́n a máa ń tú u. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi òkú pamọ́ fún ọmọ olóòkú títí ayé tí wọ́n sì pè é ní inú rere.

Èyí tó le jù ni pé aláìsàn lè gbọ́ ìdajì, kó da òògùn nù. Mo ti rí i. Bí a bá ṣàdédé dá òògùn ọpọlọ dúró, fífò náà lè le sí i, àìsàn àkọ́kọ́ sì lè padà pẹ̀lú ìbínú. Nítorí náà òtítọ́ náà pé méjì, ẹni tó bá sọ ọ̀kan láìsọ èkejì kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò sọ fún, bí ẹnu rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà, kò ní mọ̀ pé kóun tètè wá, nígbà tí dókítà ṣì lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn á sì bá a wá ìtumọ̀. Ẹ̀mí èṣù tí wọ́n ń sọ nínú ìjọ wa yìí, inú àlàfo tí irú dídákẹ́ tèmi dá sílẹ̀ ló ti wọlé.

(Ẹ jẹ́ kí n yà síbí díẹ̀. Metoclopramide tí a ń lò fún èébì, tí àwọn kan ń rà nílé bí ẹní ra súìtì tí wọ́n sì ń kó wá nínú báàgì, lè fa nǹkan yìí kan náà. Láti 2013 ni wọ́n ti ní kó má sábà ju ọjọ́ 5 lọ ní Yúróòpù. Gabapentin pẹ̀lú lè mú kí iṣan máa ta, pàápàá fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára. Ẹ kó gbogbo òògùn yín, ti ilé àti ti ibí, lọ fi han dókítà tàbí apòògùn yín. Láti 2005 ni wọ́n sì ti fàyè gba aláìsàn fúnra rẹ̀ láti kọ Yellow Card ránṣẹ́ sí ìjọba, kò dìgbà tí dókítà bá kọ ọ́.)

Mo lọ sílé Màmá. Mo jókòó tì wọ́n, mo sọ apá méjèèjì fún wọn. Wọn ò tètè fèsì. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọdún mẹ́rin ni mo ti ń tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò mọ̀.”

Wọ́n bá ọmọ wọn obìnrin lọ rí dókítà. Wọ́n jọ sọ ọ́ síwá sẹ́yìn. Màmá ní àwọn ò ní fi òògùn sílẹ̀, pé àwọn rántí ohùn tí àwọn ń gbọ́ lóru kó tó dé, kí ẹnu máa jẹun òfìfo tirẹ̀. Dókítà dín in kù díẹ̀díẹ̀. Èjìká ti rọlẹ̀. Ẹnu kò tíì dúró.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó, ní ìlà kejì. Ìjókòó tó wà lẹ́yìn wọn ṣì ṣófo.