Ìdákẹ́ Ẹni Tí Ńtajà

Li ọdún 1925 li a bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ rélùwéè ìṣeré Hornby tí ńfi iná mànàmáná rìn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ bá kú, ẹlòmíràn a yọ ẹ̀rọ kékeré láti inú ẹ̀rọ síídì tí a ti sọ nù, a fi rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ náà a sì tún máa sáré. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ tà á, tí olùrà kò sì bi í léèrè, ó ha tọ́ kí ó dákẹ́ bí? Rárá o. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan yóò dín owó kù, tí ó sì gbé e mì, ó ti purọ́. Àtúnṣe kì í ṣe ìtìjú. Fífi í pamọ́ ni ìtìjú. Àwọn àgbà ní, òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà. Kí ó má rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa.