Ìwà Ọmọlúàbí Lójú Ẹni tí Kò Mọ Ni

Kò sí òbí Yorùbá tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí òkè òkun tí kì í fi gbólóhùn kan kún ẹrù ọmọ náà pé, ‘Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe.’ Gbólóhùn yìí kì í wúwo nínú àpótí, ṣùgbọ́n ó di ẹrù lọ́rùn ọmọ nígbà tí ó bá yá. Ìbéèrè tí ó so mọ́ ọn ni pé, nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí tí ó mọ baba ọmọ náà, ta ni yóò máa rán an létí? Ṣé ìwà tí ènìyàn ń hù nítorí ojú àwọn ará ilé ni ìwà rẹ̀ ní tòótọ́, àbí èyí tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ojú wọn kò tó o mọ́? Bí a bá ń wá ibi tí a ti lè yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, ilé ijó alẹ́ ní ìlú kékeré kan lókè òkun kò burú.

Ijó nílé kì í ṣe ohun tí à ń jó nínú òkùnkùn. Ní òde àríyá, iná a máa tàn yòò. Ọmọ àti àgbà, ọkọ àti àna, gbogbo wọn a jókòó yí agbo ká nínú aṣọ ẹbí. Olórin jùjú a pe ẹni tí ó bọ́ sójú agbo ní orúkọ, a pe baba rẹ̀, a pe ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, títí owó yóò fi máa lẹ̀ mọ́ onítọ̀hún níwájú orí. Bí ó bá mutí kọjá ààlà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ti gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé òyìnbó nìkan ni ó ni kíláàbù. Bobby Benson dá Caban Bamboo sílẹ̀ ní Èkó, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe ní irú ibẹ̀ ni wọ́n ń ròyìn délé. Ṣùgbọ́n ní Èkó náà, bí ènìyàn bá yíjú, yóò rí ẹni tí yóò sọ pé, ‘Ṣé kì í ṣe ọmọ Lágbájá nìyí?’

Ẹ wá wo Aberystwyth, ìlú kékeré kan létí òkun ní Wales, tí yunifásítì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1872. Ọmọ Yorùbá tí ó lọ kàwé níbẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fà lọ́wọ́ lọ sí ilé ijó ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, yóò kọ́kọ́ rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ojú. Inú ilé ṣókùnkùn, iná pupa àti iná aláwọ̀ aró ń ṣẹ́jú lókè, ìró orin kò sì jẹ́ kí ẹni méjì gbọ́ ohùn ara wọn. Ẹni nǹkan bí ogún ọdún ni ọ̀pọ̀ èrò. Àgbà kan kò sí níbẹ̀ àyàfi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ó so àmì àṣẹ mọ́ apá. Kò sí ẹni tí yóò ki ọmọ náà, kò sì sí ẹni tí yóò fi í sùn nílé. Ó lè jó bí ó bá ti wù ú. Ìgbádùn gidi ni èyí, kò sì yẹ kí a bú u nítorí rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń ṣọ́ láti kékeré, tí ó jẹ́ pé irú ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Àmọ́ kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí i pé òun kò bọ́ lọ́wọ́ ojú rárá. Láàárín gbogbo èrò náà, ó lè jẹ́ òun nìkan ni adúláwọ̀. Ojú ti ilé mọ̀ ọ́n, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wò ó. Ojú ti ibí ń wò ó, kò sì mọ̀ ọ́n.

Ojú yìí ti pẹ́ ní Ìlú Ọba. Ní ọdún 1958, ilé ijó kan tí ń jẹ́ Scala, ní Wolverhampton, kò gbà kí adúláwọ̀ wọlé wá jó, bẹ́ẹ̀ ni ó gbà kí adúláwọ̀ wà lára àwọn tí ń lu orin fún àwọn oníjó! Ẹgbẹ́ àwọn olórin kọ̀, wọ́n ní kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn má ṣe lu orin níbẹ̀ mọ́. Onílé ijó gbé wọn lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò sì dá wọn lẹ́kun. Nígbà náà, kò tí ì sí òfin tí ó kan onílé ijó nípá láti ṣílẹ̀kùn. Ọdún 1965 ni òfin àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà jáde, tí ó dárúkọ ilé ijó lára àwọn ibi tí wọn kò gbọdọ̀ ti lé ènìyàn padà nítorí àwọ̀. Òfin ọdún 2010 ni wọ́n ń lò nísinsìnyí. Ilẹ̀kùn ti ṣí, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè sọ bí ojú yóò ṣe máa woni.

Nígbà tí ojú bẹ́ẹ̀ bá ń wo ọmọ, gbólóhùn àwọn òbí rẹ̀ a yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. ‘Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe’ a di ‘Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé bí adúláwọ̀ ti ń ṣe nìyẹn.’ Àwọn àgbà kan tilẹ̀ ń fi èyí kọ́ ọmọ, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹbí tí ń retí ìwà rere lọ́wọ́ ọmọ ni yóò gbé e dìde bí ó bá ṣubú, òun náà ni yóò sì kí i bí ó bá ṣe dáadáa. Kí ni ojú àlejò ń san padà? Bí ọmọ náà bá hùwà rere, wọn a ní ó yàtọ̀ sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí ó bá ṣìwà hù, wọn a ní àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó fi jọ. Gbèsè tí kò lè tán láé nìyẹn, kò sì yẹ kí òbí fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e ka ọmọ rẹ̀ lórí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í tí ì le nínú ilé ijó. Ìgbà tí orin bá dákẹ́, tí àwọn tí ń mu sìgá lẹ́nu ọ̀nà ti tú ká, ni í tó le. Ká ní aago méjì òru ti lù, afẹ́fẹ́ oṣù Jánúárì ń ti ojú òkun fẹ́ wá, akẹ́kọ̀ọ́ yìí nìkan ni ó sì ń lọ sí ilé. Ó wá rí ọmọbìnrin òyìnbó kan tí ó jókòó sílẹ̀ tí ó fẹ̀yìn ti ògiri, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ọrùn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọtí ti pa á, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti lọ. Ìbáà ṣe ìlú rẹ̀ ni, yóò pariwo, ilẹ̀kùn mẹ́ta yóò sì ṣí. Níhìn-ín, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnìkan sì yọ ní kọ̀rọ̀, kí ni onítọ̀hún yóò sọ pé òun rí? Ọmọ rere lè torí èyí gba òdì kejì títì kọjá. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀.

Síbẹ̀, ikú lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọtí a máa mú kí ara tètè pàdánù ooru rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó mutí yó tí ó sì sùn lọ lè fi èébì fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Nítorí náà, ẹni tí ó kọjá lọ kí orúkọ ìran rẹ̀ má baà bàjẹ́ ti fi ènìyàn sínú òtútù nítorí orúkọ. Ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ra: kí ó dúró níbi tí ọmọbìnrin náà yóò ti gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ó pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ó bẹ àwọn obìnrin tí ń kọjá, kí ó tẹ 999, kí ó na ẹ̀wù òtútù rẹ̀ sí i, kí ó sì dúró títí àwọn tí ó pè yóò fi dé. Bí kò bá sí ẹlòmíràn tí ó wá, tí ọmọbìnrin náà sì ti sùn lọ, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà fún un. Ìbẹ̀rù lè yan ọ̀nà tí yóò gbà ṣèrànwọ́ fún un. Bóyá yóò ṣèrànwọ́ tàbí kò ní í ṣe é kò sí lọ́wọ́ ìbẹ̀rù.

Òbí tí ó ta ilẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè débẹ̀ lè bínú sí èyí. Yóò ní ó rọrùn láti wí, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó lè ṣe ohun kan náà láìwẹ̀yìn. Òótọ́ ni, ìrẹ́jẹ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn kọ́ ni ó ti ilẹ̀kùn ní Wolverhampton. Òun náà ní ìyá, bóyá ní abúlé kan lẹ́yìn òkè, tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i létí lọ́jọ́ tí ó ń di ẹrù.