Ṣé Ìrànlọ́wọ́ Ni Kí Ìyá Sọ Ìdáhùn fún Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ àlọ́ ìṣirò tí àwọn ọmọ wa ń gbé bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Láti ọdún 1998 ni ìdíje ìṣirò Cowbell ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ girama ní Nàìjíríà. National Mathematical Centre ní Abújá, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, náà ń ṣètò ìdíje Olympiad. Ní Ìkòtùn, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgando níhìn-ín, àwọn olùkọ́ a máa fún ọmọ ní irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ mú lọ sílé. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ju ti ìṣirò lọ: bí àlọ́ bá ṣòro fún ọmọ, tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mọ ìdáhùn, ṣé ó tọ́ kó sọ fún un?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan wò. Ìyá ọlọ́sàn kan gbé ọsàn lọ sí ọjà Ìkòtùn. Oníbàárà kìíní ra ìdajì rẹ̀, ìyá sì fi ẹyọ kan ṣe ènì fún un. Oníbàárà kejì ra ìdajì èyí tó kù, òun náà gba ẹyọ kan ní ènì. Ọsàn kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù sínú igbá. Mélòó ni ìyá gbé wá sọ́jà?

Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú lè ṣe é títí kó rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó bá ronú pé kí òun bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí òun fi ènì kún un padà kí òun tó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ni ojú rẹ̀ yóò là. Ojú tó là yẹn gan-an ni èrè. Ẹni tó bá sọ iye ọsàn fún un ti gba èrè náà mọ́ ọn lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló fi ṣe é. Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í lè tọ́jọ́.

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ọmọ tí a ń bá dáhùn àlọ́ ní pálọ̀ kó lè gba ẹ̀bùn, kí ni yóò rò lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gbé ìdáhùn ìdánwò WAEC wá tà fún un? Ohun tí ilé ti pè ní ìrànlọ́wọ́, báwo la ṣe fẹ́ kó pè é ní olè níta?

Ìyá kan lè ní: "Ìyá Tíṣà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ti ọjà dé, ọmọ sì gbọ́dọ̀ sùn." Òótọ́ ni. N kò ní kí a fi ọmọ sílẹ̀ kó máa sunkún. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ọwọ́ là ń nà sí i; a kì í pọ̀n ọ́n ká ní ó ti rìn. Ẹ bi í pé: "Mélòó ló wà nínú igbá kí oníbàárà kejì tó dé?" Bí kò bá yọrí, kó sùn, kó sì kọ ọ́ síwèé pé òun kò tíì rí i. Òótọ́ yẹn sàn ju máàkì tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ.

Ìyá tí kò kàwé náà lè ṣe é. Ẹ bi ọmọ pé kí ló dé tí à ń pe 45 ní márùndínláàádọ́ta. Ẹ gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, ihò 12, ọmọ ayò 48, kó máa ro ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò parí sí kó tó ta á.

Ìdáhùn àlọ́ ọsàn wa ńkọ́? N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Ẹ jókòó tì í pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ìyá tó bá kọ́kọ́ rí i, kó pa á mọ́ra títí ọmọ yóò fi rí i fúnra rẹ̀.