Euodia àti Sintike wà nínú ìjọ wa

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè bò mọ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń lọ sí Redemption Camp ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Bí mọ́tò bá ti kọjá Ibafo àti Mowe, a ó máa rí àwọn obìnrin tí ó gbé ẹní àti aṣọ ìbora dání, ará Áńgílíkà, ará Bápítíìsì, àti àwa Mẹ́tọ́díìsì pẹ̀lú. Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé ìjọ wo ni ó ti wá. Ìgbà tí a bá padà délé ni ìbéèrè ń bẹ̀rẹ̀.

Arábìnrin wa kan ti Camp dé, ó sì sọ nínú ìpàdé kíláàsì pé àdúrà tiwa ti tutù jù. (Ọ̀rọ̀ yẹn kò dára, a kò ní pọ́n ọn.) Ìyá kan dá a lóhùn pé kí ó kúkú gbé ẹní rẹ̀ lọ síbẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ó di ìkórè, wọ́n ní "ará Camp" kò lè ṣe ìyá ìkórè. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìyá yìí kan náà ni ó gbé ọmọ arábìnrin yẹn lọ ṣe ìsàmì! Bí ọ̀kan bá kúnlẹ̀ níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, èkejì a dúró de ìlà tí ó tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kí irú èyí máa ba àwa Mẹ́tọ́díìsì lẹ́rù. Ní 1976, nígbà tí Bàbá Bọ́lájí Ìdòwú jẹ́ olórí wa, òfin ìjọ tuntun mú oyè Pátíríákì wọlé. Àwọn kan ní Ààrẹ ni àwọn mọ̀. Ìjọ pín sí méjì, ẹjọ́ dé kóòtù. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko! Ní 1990, lábẹ́ Bàbá Sunday Mbang, ni a tó parí rẹ̀. Oyè tí a torí rẹ̀ jà náà kò sí mọ́. Prelate ni à ń pe olórí wa. Àwọn ìyá wa tí ó kú láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò rí ọjọ́ ìlàjà.

Kí ẹni tí ó ń lọ Camp má sì rò pé ibẹ̀ kò mọ ìjà rí. Nígbà tí Bàbá Akíndáyọ̀mí tí ó dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ kú ní 1980, kì í ṣe gbogbo àgbà ìjọ ni ó fara mọ́ Bàbá Adébóyè tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 1981. Àwọn kan bá tiwọn lọ.

Nínú Filipi 4:2-3, Pọ́ọ̀lù dárúkọ obìnrin méjì tí ó ń jà, Euodia àti Sintike. A ti wá inú ìwé náà títí, kò sí ibi tí ó ti sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn méjèèjì ti bá òun ṣe làálàá nínú ìyìn rere, ó sì bẹ ẹnìkan kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Nítorí náà, àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ yóò lọ sí ilé àwọn méjèèjì kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. A kò ní béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ilé arábìnrin wa ni a ó kọ́kọ́ yà, láti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n pè é ní ará Camp, àwa náà rẹ́rìn-ín.